Kí lẹ fẹ́ wọn gan-an? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń díjú

Ẹ̀yin àbúrò mi, tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ wọn bí ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe díjú tó, ẹ má tíì wọn nǹkan kan o, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ló díjú lára ẹ̀, ṣé DNA ẹ̀ (ìtọ́ni tí wọ́n kọ bíi lẹ́tà sínú ara ẹ̀) ni, àbí jíìnì (ègé DNA tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe), àbí oríṣi sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara) tó ní, àbí eegun ẹ̀, torí wọn kì í jọ rìn pọ̀ rárá.

DNA tèèyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, ti àlùbọ́sà tó bílíọ̀nù 16! Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ègé tó ń da ara wọn kọ láìmọye ìgbà ni. Ẹ ní kẹ́ẹ wá ka jíìnì ńkọ́? Aràn kékeré C. elegans ní bíi 20,000 tó ń ṣe purotéènì (èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara), àwa náà ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ tó bá dàgbà tán sẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀ ò ju bíi 1,000 lọ.

Iṣẹ́ tó là mí lójú jù ni ti Daniel McShea, onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, lórí eegun ẹ̀yìn. Ó wo bí eegun tó tò tẹ̀ léra ṣe yàtọ̀ síra wọn: tí gbogbo ẹ̀ bá jọra, kò díjú, tí ti ọrùn, ti àyà àti ti ìbàdí bá yàtọ̀ gedegbe, ó díjú nìyẹn. Ibi tó wù mí jù ni pé ó mú baba ńlá, ó fi wé àtọmọdọ́mọ ẹ̀, torí tó bá jẹ́ pé ńṣe ni nǹkan ń ti ẹ̀dá síbi ìdíjú, àwọn tó díjú sí i máa pọ̀ ju àwọn tó rọrùn sí i lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú tó wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wo ẹ̀dá tó díjú jù láyé òní kẹ́ẹ wá sọ pé gbogbo ẹ̀dá ló ń gòkè. Ibi tí ìdíjú ti kéré jù ni ìyè ti bẹ̀rẹ̀, kò síbi tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí mọ́, tí wọ́n bá ń tàn káàkiri láìdojú kọ ibì kan pàtó, àwọn kan ṣáà máa bọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ bakitéríà ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ ka àwọn tí ìdíjú wọn dín kù náà o. Ní 2020 wọ́n ròyìn Henneguya salminicola, ìbátan jẹ́líífíìṣì tó ń gbé nínú ẹran ara ẹja salmon, tó ti sọ DNA inú mitokóńdríà ẹ̀ (apá sẹ́ẹ̀lì tó máa ń pèsè agbára) nù pátápátá. Ìwọ̀n tí ò bá lè fi irú èyí hàn, ẹ wá òmíì.