Lẹ́tà mẹ́rin yẹn

Ọjọ́rú. Òjò láti àárọ̀, iṣẹ́ ò sì pọ̀.

"Ẹni tó bá kọ orúkọ olórúkọ sára ọjà rẹ̀, olè ni." Ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi. Accolade, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àti Sega, ilé iṣẹ́ Japan tó ṣe ẹ̀rọ géèmù Genesis, náà la tún ń wí.

Òótọ́ ni, Accolade kọ orúkọ Sega sínú géèmù rẹ̀. S-E-G-A, nínú kóòdù tí ò ju báìtì 20 sí 25 lọ, nínú géèmù tó ju ìlàjì mílíọ̀nù báìtì lọ. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ náà ń ṣe níbẹ̀? Téèyàn bá tan Genesis III, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ wá lẹ́tà mẹ́rin yìí níbi kan pàtó nínú kátíríìjì, ike tí géèmù wà nínú rẹ̀. Bí kò bá bá a, géèmù ò ní ṣí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ishido, géèmù Accolade kan, nìyẹn níbi ìpàtẹ January 1991. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbẹ́ orúkọ onílé sí eyín rẹ̀ ni: báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rọ ọ́ láìgbẹ́ orúkọ?

Olè kọ́.

Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá ti rí lẹ́tà náà, á gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3 pé Sega ló ṣe géèmù yìí tàbí ló fún un láṣẹ. Irọ́ ni. Ọmọ tó ra Turrican tàbí HardBall! ti Accolade rí irọ́ yẹn kedere. Ìyẹn dùn mí díẹ̀... Ta ló wá purọ́? Ẹ̀rọ Sega ló ń kọ ọ́, kì í ṣe Accolade.

Ẹ má sì sọ pé kí Accolade kàn gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Sega! Sega ní òun nìkan ni yóò máa ṣe gbogbo géèmù Accolade. Ta ni yóò gbà? Wọ́n ra ẹ̀rọ náà àti géèmù mẹ́ta, wọ́n tú kóòdù wọn, wọ́n kọ ìwé ìlànà bí géèmù ṣe ń bá ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, tí kò sí kóòdù Sega kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, Sega pè wọ́n lẹ́jọ́, ní April 1992 sì ni ilé ẹjọ́ California ní kí wọ́n kó ọjà wọn kúrò lórí àtẹ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ọjọ́ 10! Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló gbà wọ́n lóṣù August, ó sì ṣàlàyé ní October pé Sega ló fa ìdàrúdàpọ̀ orúkọ náà.

Ní 1993 wọ́n parí ìjà, Accolade sì gbàwé àṣẹ. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, ìṣẹ́jú àáyá 3 kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ti wá di òótọ́.