Woolwich sí Falconwood: ọ̀nà ọ̀fẹ́, tíì ọ̀wọ́n gógó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Peckham àti Thamesmead, tí ẹ ń sọ pé kò sí igbó ní London, ẹ wá gbọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Capital Ring. Ó yí inú ìlú náà po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, máìlì 78, ó ń ti inú páàkì kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ń la àdúgbò kọjá. Ìpele 15 ni wọ́n pín in sí. Èmi àti Àǹtí mi tí wọ́n ń gbé Thamesmead la jọ rin ìpele kìíní, láti Woolwich dé Falconwood.

Etí odò Thames kò le rárá. Ní páàkì Maryon Wilson, àgbọ̀nrín àti ewúrẹ́ wà nínú ọgbà, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò wọn. Àǹtí tẹjú mọ́ àgbọ̀nrín kan, wọ́n ní, "Ẹran yìí ì bá mà dára nínú ẹ̀gúsí o." Mo ní kí wọ́n rọra, a ò tíì jìnnà sí Woolwich, ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè wà nítòsí.

A wá yà sí ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà. N kò ní dárúkọ ẹ̀. Ife tíì méjì pẹ̀lú kéèkì pẹlẹbẹ kan! Nígbà tí ọmọbìnrin náà pe owó ẹ̀, mo ní kó tún un pè. Owó yẹn á ra odidi adìyẹ ní Peckham, ṣéńjì á sì kù. Tíì ò gbóná. Kéèkì ti gbẹ, ó ń rún kó tó dé ẹnu. Àǹtí ò wí nǹkan kan, wọ́n kàn ṣí báàgì, wọ́n gbé kúlà jáde: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin àti dòdò, ooru ṣì ń rú lára wọn. Ká tó mú ṣíbí, ọmọbìnrin náà ti dé: a ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ tí a gbé wá láti ilé níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Lọ síbo? Owó tí mo san yẹn, àga ni mo fi rà, torí kì í ṣe kéèkì!"

Inú ti bí mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni mo rín jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé kúlà yín dání, kí ẹ wá bẹ́ǹṣì.

Lórí Shooters Hill, ilé gogoro onígun mẹ́ta kan wà nínú igbó, Severndroog Castle. Opó Sir William James ló kọ́ ọ ní 1784 láti fi rántí ọkọ ẹ̀, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó gba odi Suvarnadurg ní Íńdíà. Àǹtí wá mi orí, wọ́n ní: "Ká ní ilé wa ni, àwọn ẹbí ọkọ ì bá ti kó owó tí opó náà fi kọ́ ọ lọ."

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ní pápá Oxleas, la ti jẹ mọ́ínmọ́ín wa, tí à ń wo ìlú tó tẹ́ lọ níwájú. Kò sẹ́ni tó lé wa. Igbó Oxleas fúnra ẹ̀ ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn; ìjọba fẹ́ la títì gba inú ẹ̀, aráàlú pariwo títí wọ́n fi jáwọ́ ní 1993. Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin aláriwo! Ẹrẹ̀ ibẹ̀ nìkan ló bà mí nínú jẹ́: ó fa bàtà Àǹtí yọ, tọwọ́tọwọ́ ni mo fi wa á jáde.

Ìpele kejì á gba ẹ̀gbẹ́ ààfin ọba àtijọ́ kan, Eltham Palace. Àǹtí ti ní àwọn á dín ẹja, kí n lọ ra bàtà òjò fáwọn.