Nígbà tí omi àrọ̀ bá di aláwọ̀ ewé

Adágún kọ́ńkéré kan rèé ní Ìkòròdú lọ́sàn-án òní: omi rẹ̀ ki bí ọbẹ̀ ewédú, àwọn àrọ̀ sì ti kọ oúnjẹ. Láàárọ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí (bó bá ṣe ń ga ni kíkan omi ń dín kù), jẹ́ 7. Nígbà tó máa fi di aago 3, ó ti di 9.

Oòrùn ló fà á. Ewé tíntìntín inú omi ń fa kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, pH á sì máa gòkè. Bí pH bá sì ṣe ń ga ni amóníà tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù wá ń di májèlé. Àrọ̀ lè jáde wá mí afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà àìtó ọ́síjìn kì í tètè pa á. Amóníà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Wọ́n ti dá oúnjẹ dúró títí dọ̀la. Páìpù ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣí, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí wà, wọ́n sì fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Ẹ má yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o! Ẹ jẹ́ kí omi kànga ẹ̀rọ máa ti òkè já bọ́, kó lè gba afẹ́fẹ́.

Ẹnìkan ní ká da láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta ṣe, sí i. Láìmù kẹ̀? Ṣe ló máa tún gbé pH sókè. Oògùn apewé náà kò dáa: ewé tó bá kú á jẹrà, á sì tún di amóníà.

Lọ́la, aago 3 ọ̀sán ni kí wọ́n tún wọn pH. Ti àárọ̀ máa ń tanni jẹ.