Ẹ bá mi dúpẹ́ o, òtútù Houston ò pa wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti wálé o. Mo ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìjẹta, oòrùn ń pa mí, mi ò sì ráhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè tí mi ò gbé e, ẹ má bínú, mo fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí yìí lẹ́ẹ̀kan náà ni, kí n má baà máa tún un sọ lójúlé dójúlé.

Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé torí àtiwẹ ọmọ tí ọmọ mi bí ni mo ṣe lọ sí Houston, ní Texas, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí mò ń di ẹrù, mo ká aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn mi sí i, ẹnì kan tó mọ ara ẹ̀ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí ni mo fẹ́ fi òfì tó wúwo tó báyẹn ṣe, ó ní Texas gbóná ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, pé kí n fi irú àti láfún dí àyè ẹ̀. Mo gbé gbogbo ẹ̀ pátá. Kò kúkú parọ́, ibẹ̀ máa ń gbóná lóòótọ́, nígbà tí mo débẹ̀ ní January súwẹ́tà kan ti tó mi. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò gbàmọ̀ràn lẹ́nu ẹ̀.

Ó di Sunday, February 14, 2021, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo pé yìnyín ń bọ̀. Ọkọ ọmọ mi ní yìnyín díẹ̀ ni, àwọn ọmọdé á fi ṣeré. Òru ọjọ́ yẹn mọ́ Monday ni ilé bá ṣú biribiri. Amẹ́ríkà mú iná lọ! Wọ́n ní àwọn á máa mú un lọ láti àdúgbò kan sí ìkejì ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún wa níbí, àmọ́ tiwa lọ, kò padà. Mo pe àbúrò mi ní Tákié, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ̀rín ló bú sí, ó ń pariwo "Up NEPA!" sí mi létí, ó ní irọ́ ni mò ń pa, wọn kì í múná lọ lọ́hùn-ún. Àbúrò mi, o ṣeun o.

Ohun tí wọ́n wá ṣàlàyé fún wa ni pé púpọ̀ nínú Texas dá wáyà iná tiwọn ní, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ so ó mọ́ ti ìpínlẹ̀ míì, nígbà tí ìyà wá dé, ta ló máa yá wọn? Gáásì tí wọ́n fi ń ṣe iná dì níbi tí wọ́n ti ń fà á, àwọn ẹ̀rọ náà dákú, gbogbo ayé sì tan hítà lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 2011 tí irú ẹ̀ ti ṣe wọ́n rí ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ wọn de òtútù. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 ló kù kí gbogbo ẹ̀ wó lulẹ̀ pátápátá, ilé tó lé ní mílíọ̀nù 4 ló sì wà lókùnkùn pẹ̀lú wa. Ẹ wá máa bú NEPA nìkan o.

Ilé ọmọ mi, iná ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan: iná la fi ń dáná, òun la fi ń gbomi kaná, òun náà la fi ń móoru. Ìyẹn ni pé èmi tí mo wá wẹ ọmọ, mi ò rí omi gbígbóná! Ìta tutù débi pé nígbà tó máa di Tuesday, ó ti fi ìwọ̀n 10 wọ abẹ́ òdo, a gbé ẹran inú fíríìjì síta sórí yìnyín kó má baà bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ ọyẹ́, ẹ̀yin ará ilé.

Òru yẹn gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ, ó tutù nini. Kò sunkún, kò mú ọyàn dáadáa, ó kàn ń wò. Ìyá ẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ọkọ ẹ̀ bá dìde, ó ní Mummy, ẹ jẹ́ ká wọ inú mọ́tò ní gáráàjì, ká tan án, ká ti ilẹ̀kùn gáráàjì pa kí atẹ́gùn má wọlé, hítà ẹ̀ á mú wa móoru. Mo ní kí lo wí? Èmi tí mo mọ ilé tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí pásééjì sùn, tí ẹnì kankan ò jí níbẹ̀? Ó ní mọ́tò tuntun ni, kò lééfín. Mo ní èéfín tó ń pani kì í rùn, oorun lásán ló máa ń jọ. Ó ṣì ń ṣàlàyé ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo kì í bọ kọ́mú, mo ní ó yá, wá mú un. Ó fajú ro títí ilẹ̀ fi mọ́.

A bọ́ aṣọ ọmọ, a gbé e lé ìyá ẹ̀ láyà, ara kan ara, a dé e ní fìlà, mo fi òfì ṣẹ́po méjì wé àwọn méjèèjì, a fi táwẹ́lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mò ń fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, mò ń pe Ọlọ́run, títí ẹsẹ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì figbe ta. Ẹ ò rí bí ẹkún ọmọ ṣe dùn tó.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ní Houston níbẹ̀ ni mọ́tò tí wọ́n tan sí gáráàjì ti pa ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ọkọ ọmọ mi kà á lórí fóònù, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín torí olè, tẹ́ ẹ ń gbé èédú wọlé nígbà ọyẹ́, mo bẹ̀ yín o.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tá a jọ jẹ ìkómọ, tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, fóònù wọn ò wọlé rárá. Ìgbà tí iná dé ni fóònù wọn sọjí. Ọlọ́run mọ̀ wọ́n. Ẹni tó kanlẹ̀kùn wa ni màmá Mexico tó ń gbé òdìkejì, opó ni, ó ti dàgbà jù mí lọ. Ó fi ọ̀rá wé bàtà méjèèjì kí yìnyín má baà yọ̀ ọ́ ṣubú, ó gbé ìkòkò omi gbígbóná lọ́wọ́, ó fi aṣọ wé e. Gáásì ni wọ́n fi ń dáná nílé tiẹ̀, ìṣáná ló ń ṣá sí i. Ẹkún ọmọ ló gbọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó rò pé mo ṣubú ni, ó ń gbé mi dìde, òun ń sọ Spanish, èmi ń sọ Yorùbá, a sì gbọ́ ara wa yé. Láàárọ̀ lálẹ́ ló ń gbé omi wá, mo wẹ ọmọ, ìyá ọmọ jókòó sómi gbígbóná bó ṣe yẹ. Mo ro láfún lórí iná ẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ṣojú fínńdín, ó sì tún bù ú.

Ìgbà tí iná dé, páìpù tó dì lókè àjà bẹ́, omi ba sílíìnì àti àga jẹ́, wọ́n tún ní ká máa se omi ká tó mu ún. Ìyẹn ò dùn mí. Òkú tí wọ́n ti kà ti lé ní 100, a ò sí níbẹ̀.

Ìdúpẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Sunday tó ń bọ̀ yìí, kò sí aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ Houston, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi, mo ti ra òfì kan fún màmá yẹn, mo sì ti pọn láfún sí i, kò wúwo. Ìwọ tó o ní òfì ò wúlò ní Texas, má da ara ẹ láàmú, mi ò ní gbé e fún ẹ.