Ilé Ìṣọ́ Funfun ti Thessaloniki

Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Thessaloniki, ní ilẹ̀ Gíríìsì, kò ní pẹ́ rí ilé ìṣọ́ rìbìtì kan tó dúró sí etí òkun, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 34. Ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì láyé àtijọ́, ló kọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú náà ní ọdún 1430. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Janissary ní ọdún 1826, nígbà tí Sultan Mahmud Kejì, ọba Ottoman, tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ká. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Ilé Ìṣọ́ Ẹ̀jẹ̀.

Bí orúkọ burúkú yìí ṣe yí padà ló wú mi lórí jù. Wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n kan ló kùn ún ní funfun ní nǹkan bí ọdún 1890, kí wọ́n lè dá a sílẹ̀. Ọ̀dà náà ti ṣí kúrò, ṣùgbọ́n orúkọ kò bá a lọ. Ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Gíríìsì ní ọdún 1912. Lónìí, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ìtàn ìlú ni ilé ìṣọ́ náà, àwọn àlejò sì ń gùn ún dé orí òrùlé láti wo òkun.