Irinṣẹ́ àtijọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù: èwo la máa tọ́jú, èwo la máa jẹ́ kó lọ?

Gbogbo àwọn tó máa ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ilé mọ́ ló ní òfin kan tí wọ́n fẹ́ràn gan-an: ohun téèyàn ò bá ti lò láti bí ọdún kan, kó gbé e jáde. Tó bá jẹ́ aṣọ, mo gbà. Tó bá jẹ́ àga tó ti kán, mo gbà náà. Àmọ́ tó bá kan irinṣẹ́, òfin yẹn ò ṣiṣẹ́ rárá jàre. Irinṣẹ́ wà tó lè jókòó sójú kan fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ọjọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ bá wá dé, kò ní sí nǹkan míì nínú ṣọ́ọ̀bù tó lè rọ́pò ẹ̀, ìgbà yẹn lèèyàn á wá máa wá a kiri. Torí náà tí mo bá ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, mi kì í béèrè pé ìgbà wo ni mo lò ó kẹ́yìn. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, iṣẹ́ wo ni nǹkan yìí lè ṣe tí kò sí òmíràn níbí tó lè ṣe é, ṣé mo sì ṣe tán láti fi ọwọ́ ara mi tún un ṣe? Ìbéèrè méjèèjì ló gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn o, torí ẹni tó bá dáhùn àkọ́kọ́ nìkan, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ní pẹ́ di àkìtàn irin.

Èyí tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde báyìí ni ràndà irin kan, ìyẹn irinṣẹ́ tá a fi ń fá ojú igi kó lè dán, tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ igi fún mi. Ó ti dógùn-ún látòkè délẹ̀, igi tí wọ́n fi ṣe ọwọ́ ẹ̀ ti sán, abẹ ẹ̀ ti kú pátápátá. Mo sì ní ràndà oníná tó yára dáadáa. Ẹni tó bá kàn wò ó gààràgà á ní kó máa lọ, kí ló tún ń ṣe níbẹ̀. Èmi jókòó tì í, mo tú u palẹ̀ tán, mo yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹ̀ díẹ̀ ná, torí ó wúlò fún ìpinnu téèyàn fẹ́ ṣe. Irú ràndà yìí, èyí tó ní idẹ róbótó kékeré lẹ́yìn tí a máa ń yí láti fi sún abẹ jáde tàbí wọlé, Leonard Bailey, ará Amẹ́ríkà kan, ló ṣe é, ó ń gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe nǹkan tuntun, lórí ẹ̀ láàárín ọdún 1858 sí 1867, nígbà tó di 1869 ilé iṣẹ́ Stanley ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n: 4 la fi ń dán ojú igi kẹ́yìn, 5 tó gùn tó ínṣì 14 lèyí tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́, 7 tó gùn tó ínṣì 22 la fi ń mú etí pákó tọ́ ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá wo irin ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tí abẹ sùn lé, tẹ́ ẹ sì rí déètì pátẹ́ǹtì mẹ́ta níbẹ̀, ọdún 1910 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ orí ẹ̀ ló ń mú mi dúró o, torí 4 àti 5 tí wọ́n ṣe lásìkò yẹn pọ̀ rẹpẹtẹ, nọ́ńbà 1 tó kéré jù làwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń lé kiri. Ohun tó ń mú mi dúró ni pé bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní, abẹ tuntun tí wọ́n rọ lọ́dún yìí á wọ inú ràndà tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Irinṣẹ́ oníná wo lẹ mọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni ibi tó sán. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni ara ràndà, irú irin yẹn kì í tẹ̀, tó bá já bọ́ ńṣe ló máa ń sán, ibi tó sì ti sábà máa ń sán ni ẹnu ibi tí abẹ ti ń yọ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá ti sán láti ẹnu dé ẹ̀gbẹ́, mi kì í bá a jà, mo máa yọ abẹ, irin tó dè é, àti gbogbo síkúrù ẹ̀ pamọ́, màá jẹ́ kí èyí tó kù lọ. Ẹ má gbàgbé síkúrù yẹn o, eyín ẹ̀ yàtọ̀ sí ti síkúrù tó wà lórí igbá, tó bá sọnù, àtirí òmíràn kì í rọrùn. Ọwọ́ igi tó sán ní tiẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan, gúlúù ló máa gbà, téèyàn bá sì fẹ́, á gbẹ́ tuntun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpáàrà. Èyí tó wà lójú irin lásán ò dẹ́rù bà mí rárá, èyí tó ti jẹ ihò sẹ́yìn abẹ nítòsí ẹnu gan-an ló le, torí ojú méjì ló pàdé tó di ẹnu abẹ, tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní ihò, kò sí béèyàn ṣe lè pọ́n èkejì tó tí ẹnu ẹ̀ á fi mú geere. Ẹ̀yìn abẹ tèmi ti jẹ díẹ̀ lápá kan, torí náà abẹ tuntun ló máa gbà, ìyẹn ò sì yí ìpinnu mi padà torí ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Mo gbé rúlà irin tó tọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, iwájú, ibi ẹnu àti ẹ̀yìn ló fara kàn án pọ̀, ibi mẹ́ta yẹn ni mo sì máa ń wò, tí àárín bá jin díẹ̀ kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Fínígà la fi ń bọ́ ìpáàrà, ẹ yọ igi àti idẹ kúrò, ẹ rẹ irin nìkan sínú ẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ wá fi omi tẹ́ ẹ pò pọ̀ mọ́ bakinsódà ṣan án kí agbára fínígà yẹn lè kú, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá kẹ́ ẹ fi epo pa á, torí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ báyìí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú yín níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ nínú omi. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ sínú fínígà fún ọ̀sẹ̀ kan, irin gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọ̀dà dúdú àtijọ́ tó wà lára irinṣẹ́ náà, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ họ ọ́, òjé lè wà nínú ẹ̀, eruku ẹ̀ ò dáa fẹ́dọ̀fóró.

Wàyí o, iṣẹ́ wo ló lè ṣe tí ràndà oníná mi ò lè ṣe? Ó pọ̀ o! Abẹ ràndà oníná ń yí ni, ìyẹn ló fi máa ń fi ìgbì kéékèèké sílẹ̀ lójú igi, tí iná bá tàn sí i látẹ̀gbẹ́ ẹ ó rí i kedere, sáńpépà lẹ máa wá fi pa á rẹ́. Ràndà ọwọ́ tí abẹ ẹ̀ mú, tẹ́ ẹ pọ́n ní dígírì 25 kẹ́ ẹ tún wá fi 30 gbá ẹnu ẹ̀ díẹ̀, tẹ́ ẹ sì sún irin kejì tó sùn lé abẹ mọ́ ẹnu dáadáa, kó má tó mìlímítà kan rárá, á fi ojú igi sílẹ̀ bó ṣe ń dán lọ, kò sí eruku, kò sí ariwo. Igi kékeré tí kò gùn tó ọwọ́, ta ló máa gbé ràndà oníná lé e? Ìlẹ̀kùn tó wú tó sì kàn fẹ́ kí wọ́n yọ ìwọ̀n ewé ìwé kan lára ẹ̀ ńkọ́? Mo tọ́jú ẹ̀. Mi ò dá a padà sísàlẹ̀ tábìlì o, mo kan ìṣó sára ògiri níbi tí ọwọ́ mi ti lè tó o, torí irinṣẹ́ téèyàn gbọ́dọ̀ gbé àpótí mẹ́rin kúrò kó tó rí i, kò yàtọ̀ sí èyí tó ti sọnù.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọ̀gá mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò fẹ́ fi pamọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ló dán igi ìdìmú yẹn bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tó láti fi tọ́jú nǹkan, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dójú ti èèyàn. Kó ṣáà ti dá ìdí yẹn mọ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ìfẹ́ nìkan ló kù lára irinṣẹ́ kan, tó ti sán débi pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, pálọ̀ ni kó gbé e sí, lórí ṣẹ́ẹ̀fù tí ojú á ti máa rí i, kó má fi gba àyè irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́.

Mo tún rí ràndà míì tó jẹ́ 4 bíi tàkọ́kọ́, kò sì sí iṣẹ́ tó ń ṣe tí èkíní ò ṣe. Mo pọ́n ọn, mo fi epo pa á, mo fún ọmọ iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa fún èèyàn ní irinṣẹ́, ẹ fún un ní èyí tó ti ṣe tán, ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó jẹ́ abẹ ni ò mú.

Ìpinnu lórí dírìlì alábátìrì tèmi ò pẹ́ rárá ní tiẹ̀. Bátìrì nickel-cadmium ló ń lò, Yúróòpù ti fòfin de títà bátìrì yẹn fún irinṣẹ́ báyìí látìparí ọdún 2016 torí cadmium jẹ́ májèlé, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò sì gba iná mọ́. Mo yọ bátìrì náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á, èèyàn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí ilé. Èyí tó kù ni dírìlì onírin àtijọ́ kan tí rọ́bà ara wáyà ẹ̀ ti ń ya, wáyà méjì péré ló ní, kò ní áàtì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀, kò sì ní àmì igun mẹ́rin méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì tó máa ń fi hàn pé wọ́n ti dáàbò bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣì ń yí o, ó tiẹ̀ lágbára gan-an, àmọ́ tí wáyà bá fara kan irin yẹn nínú, gbogbo ara ẹ̀ ló máa di iná lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Mi ò lè fún ẹnikẹ́ni. Mo gé wáyà ẹ̀ kúrò nídìí kí n tó gbé e sáàárín irin tí wọ́n máa yọ́, kí ẹnì kan má bàa ṣà á níbẹ̀ lọ kì bọ iná.