Mo Ń Fi Amọ̀ Mọ Siccar Point: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé ní Ọ̀sẹ̀ Kẹfà

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé ni láti fi amọ̀ mọ Siccar Point, ilẹ̀ olókùúta kan tó yọrí sínú òkun ní ìlà-oòrùn Skọ́tlándì, níbi tí onímọ̀ nípa ilẹ̀, James Hutton, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Playfair àti James Hall, ti fi ọkọ̀ ojú omi dé lọ́dún 1788. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àwọn ìpele òkúta aláwọ̀ eérú tó nàró bí ìwé tí a tò sórí pẹpẹ, tí òkúta iyanrìn pupa sì tẹ́ lé wọn lórí, tó kàn fì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ó dá mi lójú pé láìsí irú èrò tí àpáta yìí bí, pé ayé ti pẹ́ gan-an, àbá Charles Darwin nípa ẹfolúṣọ̀n, bí ohun alààyè ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, kì bá tí rí ilẹ̀ tẹ̀, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì. Mo po amọ̀ eérú tí mo rà lọ́wọ́ amọ̀kòkò, mo sì to ìpele méjìlá ní ìnàró lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé mo fẹ́ tètè parí. Nígbà tí mo da iyanrìn pupa lé e, omi rẹ̀ wọ inú amọ̀ ìsàlẹ̀ tí kò tíì gbẹ, gbogbo rẹ̀ sì wó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, lọ́tẹ̀ yìí ní ọ̀nà tí Hutton sọ pé ilẹ̀ náà gbà wáyé. Mo tẹ́ àwọn ìpele eérú ní ìbú, bí ẹrẹ̀ ṣe ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, mo sì dúró kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí n tó tẹ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé wọn nàró, tí mo fi ọ̀bẹ ha orí wọn bí òjò àti ìgbì ṣe ń ha òkúta, kí n tó da iyanrìn pupa lé wọn. Àwọn ẹ̀rún eérú tí ọ̀bẹ ha kúrò wọ inú iyanrìn náà, inú mi sì dùn púpọ̀, nítorí pé ní Siccar Point gan-an, ẹ̀rún òkúta eérú wà ní ìsàlẹ̀ òkúta pupa. Ojú ìpàdé àwọ̀ méjèèjì kò nípọn ju okùn lọ, ṣùgbọ́n bíi mílíọ̀nù ọdún 65 ló wà láàárín òkúta ìsàlẹ̀ àti ti òkè.

Bíṣọ́ọ̀bù àgbà James Ussher ti ṣírò ṣáájú Hutton pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Kristi ni a dá ayé. Charles Lyell, onímọ̀ nípa ilẹ̀ mìíràn, ló mú èrò Hutton gbòòrò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde láàárín 1830 sí 1833, Darwin sì mú apá kìíní rẹ̀ wọ Beagle, ọkọ̀ ojú omi tó fi rìnrìn àjò. Ní Ṣílè, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kejì ọdún 1835, ó rí i pé etíkun ti ga sókè ní ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀. Bí ìgbéga kékeré bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó di òkè ńlá. Ìyàtọ̀ kékeré láàárín ẹran kan àti ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà. Mo ń sàmì sí ọ̀já aṣọ funfun kan tí yóò wà lókè àwòrán amọ̀ náà, mìlímítà kan fún mílíọ̀nù ọdún kan. Ìṣirò Darwin ti ọdún 1859 lórí iye ọdún tí òkun fi jẹ ilẹ̀ Weald ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ tún ṣe: máìlì 22 tí ilẹ̀ náà fẹ̀ jẹ́ ínṣì 1,393,920; bí òkun bá ń jẹ ínṣì kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún lára àpáta tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 500, ó di ọdún 139,392,000; nígbà tí ìnípọn ilẹ̀ náà sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,100, ó di ọdún 306,662,400. Iye tó kọ nìyẹn láìyẹ̀. Wọ́n ta kò ó, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìtẹ̀jáde kẹta ìwé rẹ̀, On the Origin of Species, lọ́dún 1861. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William Thomson, onímọ̀ físíìsì, fi bí ilẹ̀ ṣe ń tutù ṣírò ọjọ́ orí ayé sí nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 98, Darwin sì kọ̀wé sí Alfred Russel Wallace, onímọ̀ tí òun náà ronú kan àbá ẹfolúṣọ̀n, lọ́dún 1869 pé ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó ń dààmú òun jù lọ.

Àmì Thomson wà ní mìlímítà 98, kò tó gígùn ọwọ́ mi. Ti Darwin wà ní 307. Ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Clair Patterson, tó fi òjé inú òkúta tó já láti ojú ọ̀run rí i lọ́dún 1956 pé ayé ti pé bílíọ̀nù ọdún 4.55, fẹ́ mítà mẹ́rin àti ààbọ̀; ògiri yàrá mi kò gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀já náà ti yí igun, ó sì ti kọjá ẹnu ọ̀nà.